Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi de kámẹ́rà àti aláàmù sílé wa ní Akóbọ̀: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ dá sí i

OníléAkóbọ̀

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé oníyàrá mẹ́rin la ń gbé ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn. Fẹ́ǹsì yí i ká, géètì kan ṣoṣo ló wà níwájú. Ẹ̀yìnkùlé ló ń kó mi láyà sókè. Ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ló fara ti fẹ́ǹsì wa níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbé inú ẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ibẹ̀ ni àwọn olè gbà bọ́ sílé aládùúgbò wa. Wọ́n fi ayùn rẹ́ bọ́gúlárì fèrèsé ilé ìdáná, wọ́n kó bátìrì inverter àti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ilé kún fún èèyàn, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wálé. Tí ìyàwó mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, màmá mi nìkan ló kù nílé. Mo fẹ́ kí n lè máa rí ilé láti Èkó, kí nǹkan sì pariwo tí ẹnikẹ́ni bá fo fẹ́ǹsì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ wáyà kò ṣàjèjì sí mi, mo lè lu ògiri, mo lè fa páìpù. Wákàtí mélòó kan ni NEPA ń fún wa lójúmọ́, inverter kékeré kan sì wà nílé tó ní bátìrì 12V 100Ah. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

RewáyàẸ̀gbá

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì náwó kankan sórí kámẹ́rà. Ọ̀rọ̀ iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú. Iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, ohun tí mo sì sábà máa ń bá nílé tí olè ti jà ni pé kámẹ́rà wà lára ògiri, rẹ́kọ́dà wà ní pálọ̀, àmọ́ iná ti lọ látalẹ́, epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, rẹ́kọ́dà ò sì gba nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kámẹ́rà kan ń jẹ bíi wáàtì 5 sí 6 lóru tí iná ojú ẹ̀ bá tàn. Ẹ pe mẹ́rin ní 24. Rẹ́kọ́dà pẹ̀lú hard disk inú ẹ̀, bíi 15. Ráútà, bíi 8 sí 10. Gbogbo ẹ̀ ń lọ sí wáàtì 50. Bátìrì 12V 100Ah yín, watt-hour 1,200 ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bátìrì olómi, ẹ ò gbọdọ̀ lò ó kọjá ìdajì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín. 600 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fi 50 pín in, wákàtí 12 lẹ rí. Ó tó ilẹ̀ mọ́. Àmọ́ tí fáànù àti tẹlifíṣọ̀n bá ń mu nínú bátìrì kan náà, kò ní rí aago méjì òru. Bátìrì kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dá wà, kí ẹnikẹ́ni má so nǹkan míì mọ́ ọn, kó sì ní páànẹ́lì sólà tiẹ̀ lórí òrùlé.

Tó bá jẹ́ èmi, kámẹ́rà coax (èyí tí àwòrán ẹ̀ ń gba wáyà roboto bíi ti áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n) tó ń lo 12V ni màá rà, màá sì mú iná ẹ̀ tààrà lára bátìrì láìgba inú inverter, torí inverter fúnra ẹ̀ ń jẹ iná bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ kàn rí i pé ẹ fi converter tó ń mú iná dúró sórí 12V sáàárín. Bátìrì tí sólà ń chárjì lọ́wọ́ máa ń gun ju 14V lọ, kì í sì í ṣe gbogbo kámẹ́rà ló lè gbà á.

ỌmọṢakí

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Kámẹ́rà sólà tó ń lo síìmù ni mo rà ní tèmi. Mo kàn án mọ́ ògiri, ó parí. Kò sí wáyà, kò sí rẹ́kọ́dà.

Nẹ́tíwọ́kìÌkẹjà

@ỌmọṢakí, ó dáa fún oko, ó dáa fún ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ́lé lé lọ́wọ́ tí kò sí iná ńbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí bátìrì ẹ̀ má bàa tán, ńṣe ló ń sùn. Sensor kékeré tó ń mọ ooru ara èèyàn ló ń jí i. Kó tó jí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á sílẹ̀, ẹni tó ń sáré kọjá ti kọjá, ìpàkọ́ ẹ̀ lẹ máa rí. Dátà náà tún wà ńbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wo àwòrán tó mọ́ kedere ní megabit 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan á jẹ bíi 900MB. Tẹ́ ẹ bá yí i sí èyí tó kéré, bíi kilobit 512, á jẹ bíi 230MB. Ìyẹn náà ò kéré fún ẹni tó fẹ́ máa wo ilé láti Èkó lójoojúmọ́.

@RewáyàẸ̀gbá, ọ̀rọ̀ bátìrì yẹn, mo fara mọ́ ọn tọwọ́ tẹsẹ̀. Ibi coax ni mi ò ti bá yín lọ. Kí ẹ̀gbọ́n wa lo PoE: wáyà nẹ́tíwọ́kì kan ṣoṣo ló ń gbé iná àti àwòrán pa pọ̀, ó sì lè lọ tó mítà 100. Iná tó ń gba inú ẹ̀ ń súnmọ́ 48V, nítorí náà ìrìn kì í tán an lágbára. Ẹ wá fi 12V gba inú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà lọ tó mítà 40, bóyá 8V tàbí 9V ló máa dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà lóru. Lọ́sàn-án á máa ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí iná ojú ẹ̀ tàn, á kú, á jí, á kú, á jí. Wọ́n á ní kámẹ́rà ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ wáyà ni.

Ẹ sì ṣọ́ra fún wáyà tẹ́ ẹ máa rà. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà, aluminium tí wọ́n fi bàbà bò lára ni, ìwọ̀nba iná tó ń gbé ò tó, ó sì máa ń kán tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bó orí ẹ̀, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha irin inú ẹ̀. Tí abẹ́ ibi tẹ́ ẹ ha bá funfun bí ìkòkò àlúmíníọ̀mù, ẹ dá a padà fún wọn.

RewáyàẸ̀gbá

Òótọ́ lẹ sọ nípa wáyà tẹ́ẹ́rẹ́. Àmọ́ wáyà coax tó ní wáyà iná tó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wà, tó jẹ́ pé mítà 40 ò lè mú nǹkan kan ṣe é. Ìdí tí mo fi ń yan coax ni àtúnṣe. Tí PoE bá bàjẹ́ tí ẹ̀gbọ́n sì wà l'Ékòó, ta ló máa bá wọn tún un ṣe ládùúgbò? Coax, ọmọ iṣẹ́ èyíkéyìí á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wáyà ẹ̀ ò ní kọjá mítà 30 yìí, èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣiṣẹ́. Ohun tí mi ò ní gbà ni kámẹ́rà Wi-Fi sí ẹ̀yìnkùlé. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ti tó láti pa nẹ́tíwọ́kì ẹ̀, ẹni tó bá sì mọ nǹkan tó ń ṣe lè dí i lọ́nà láìfọwọ́ kan ilé yín.

MàmáÌbejìPeckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. London ni mo wà, ilé màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mò ń fi kámẹ́rà ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ká mi lára jù. Kámẹ́rà ń sọ fún mi lórí fóònù pé èèyàn wà lẹ́yìnkùlé. Ó dáa. Kí ni mo fẹ́ ṣe sí i láti London? Aládùúgbò tó wà ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí màmá ò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ni mo ṣe fi sáírìnì kún un, mo sì gba nọ́ńbà àwọn mẹ́ta tó lè sáré débẹ̀, tí mo mọ̀ pé wọ́n máa ń gbé ìpè lóru.

Ohun kejì: bọ́tìnì ìpè pàjáwìrì. Kékeré ni, bíi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, màmá mi máa ń fi kọ́rùn. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, aláàmù á ké, á sì pe fóònù wa. Kì í ṣe torí olè nìkan. Tí wọ́n bá ṣubú sí balùwẹ̀, bọ́tìnì yẹn náà ni. @OníléAkóbọ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé màmá yín ló ń dá wà lọ́sàn-án, kí èyí wà lókè pátápátá nínú ohun tẹ́ ẹ máa rà.

Ohun kẹta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kámẹ́rà sí pálọ̀ màmá. Àgbàlagbà fẹ́ tú ìró ẹ̀ kó tún un ró láìsí pé ojú ọmọ wà lára òun. Ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó kan nǹkan kan. Ẹ fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù, kí wọ́n mọ ibi tó ń wò àti ibi tí kò wò. Láti ìgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, màmá mi fúnra wọn ló ń pè mí pé, "Ewé ti bo ojú kámẹ́rà ẹ̀yìn o."

AlágaẸgbẹ́Onílé

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ìyá ìbejì yìí ni mo fẹ́ gbè lẹ́yìn. Mo ti ń bójú tó ètò ààbò ládùúgbò wa fún ìgbà pípẹ́. Kí ẹ̀rọ tó dé, kí àdéhùn ti wà nílẹ̀. Kẹ́ ẹ lọ bá ẹgbẹ́ onílé yín, kẹ́ ẹ ní: a fẹ́ de sáírìnì, bó ṣe máa dún nìyí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ohun tá a fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe nìyí. Ní tiwa, gbogbo ilé ló máa ń tan iná ìta, wọ́n á fun fèrè látojú fèrèsé, àwọn ọdẹ á sì gba ojú pópó méjèèjì dí. Kò sẹ́ni tó ń jáde. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣílẹ̀kùn jáde lọ kojú ẹni tí kò mọ ohun tó gbé lọ́wọ́.

Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì káàkiri Nàìjíríà. Ẹ tún gba nọ́ńbà àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ yín àti ti Àmọ̀tẹ́kùn, tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣí lóṣù kìíní ọdún 2020. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri níbi tí màmá á ti rí i, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà.

Nǹkan kan ni mo máa fi tẹnu mọ́ ọn. Aláàmù tó ń ké lásán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, wọ́n á sọ fún yín kẹ́ ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá sì kọ̀ tẹ́ ò pa á, ọjọ́ tí olè bá dé gan-an, kò sẹ́ni tó máa tan iná. Ewúrẹ́ ló máa ń fà á jù.

OníléAkóbọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀yin Alága, màá lọ bá wọn nípàdé ọjọ́ Àìkú. Ìyá ìbejì, mo ti pe màmá, wọ́n ní bọ́tìnì ọrùn yẹn wù wọ́n.

Ìbéèrè mi báyìí: ibo gan-an ni kí kámẹ́rà wà? Mo rò pé tí mo bá gbé e sókè téńté lábẹ́ òrùlé, ọwọ́ olè ò ní tó o, á sì rí gbogbo àgbàlá.

Nẹ́tíwọ́kìÌkẹjà

Á rí gbogbo àgbàlá, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni mọ̀. Láti òkè téńté, fìlà àti àtàrí lẹ máa rí. Mítà 2.5 sí 3 ló dáa.

Èèyàn púpọ̀ ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ yìí ti ń tẹ̀ lé tipẹ́ ní Yúróòpù ni pé kẹ́ ẹ tó lè dá ojú ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí mọ̀, píksẹ́lì 250 (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) gbọ́dọ̀ bọ́ sórí gbogbo mítà kan níbi tó dúró sí. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé nǹkan kan ń rìn níbẹ̀, 25 ti tó. Kámẹ́rà 1080p ní píksẹ́lì 1,920 ní ìbú. Tí lẹ́ǹsì ẹ̀ bá jẹ́ 2.8mm, ìyẹn èyí tó ń fẹ ojú tó wọ́n ń tà jù, ojú èèyàn á mọ́ kedere ní nǹkan bíi mítà 3 péré. Kámẹ́rà 4MP (oní píksẹ́lì mílíọ̀nù mẹ́rin), bíi mítà 4. Kọjá ibẹ̀, ẹ máa mọ̀ pé èèyàn ni, ẹ lè mọ̀ pé ó wọ aṣọ pupa, àmọ́ ẹ ò ní lè fi dá a mọ̀ lójú ọlọ́pàá.

Nítorí náà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Kámẹ́rà kan á máa wo àgbàlá lápapọ̀. Òmíràn á dúró síbi tóóró tí ẹni tó bá fẹ́ wọlé ò lè ṣe kó má gbà: ẹnu géètì, ẹnu ọ̀nà ìdáná, àárín ilé àti fẹ́ǹsì. Ẹ fi lẹ́ǹsì 4mm tàbí 6mm, tí kì í fẹ ojú tó 2.8mm àmọ́ tó ń fa nǹkan súnmọ́, síbẹ̀, kó kọjú sí ojú ẹni tó ń bọ̀, kó má kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí géètì yín bá kọjú sí ìlà oòrùn, ẹ ra èyí tó ní WDR, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ jù àti ibi tó ṣókùnkùn hàn pa pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láàárọ̀, òjìji dúdú nìkan lẹ máa rí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ alẹ́ kún un. Iná infrared (tí ojú èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí) ojú kámẹ́rà tó jẹ́ 850nm ń pọ́n díẹ̀ tẹ́ ẹ bá wò ó nínú òkùnkùn, ó sì ń ríran jìnnà. 940nm ò hàn rárá, àmọ́ kì í ríran jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Kòkòrò fẹ́ràn iná yìí, aláǹtakùn á sì tẹ̀ lé kòkòrò. Fọ́nrán òwú aláǹtakùn kan ṣoṣo tó bá gba iwájú lẹ́ǹsì kọjá, lóru á funfun bí okùn ọkọ̀, á máa mì síhìn-ín sọ́hùn-ún tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, kámẹ́rà á sì máa pariwo pé èèyàn dé. Ẹ lè gbé iná infrared ọ̀tọ̀ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀ kẹ́ ẹ sì pa ti ojú kámẹ́rà. Tí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa fi ọwọ̀ tó ní ọ̀pá gígùn gbá a. Lákòókò ọyẹ́, eruku náà: ẹ fi aṣọ tútù tó mọ́ nù ún.

Ọ̀rọ̀ hard disk, kíá ni: kámẹ́rà 4MP ní H.265 (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún fídíò pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀) tó ń lo megabit 2 á jẹ 21.6GB lójúmọ́. Mẹ́rin á jẹ bíi 86GB. Terabyte 1 á gbà yín fún ọjọ́ 11, 2 á lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

ỌmọṢakí

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ mítà 3 yìí la ojú mi. Ẹ gbà mí láyè kí n béèrè: ṣé ẹ ní kí rẹ́kọ́dà wà ní pálọ̀ lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni? Torí ibi tí gbogbo èèyàn ń gbé e sí nìyẹn.

RewáyàẸ̀gbá

Rárá o. Ohun tí olè á kọ́kọ́ yọ nìyẹn, ẹ̀rí á sì bá a lọ. Ẹ fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìbùsùn tó ní kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ lu ihò sí i lókè àti nísàlẹ̀ kí ooru lè jáde. Àwọn kan ń gbé e sórí àjà ilé. Lábẹ́ páànù Ìbàdàn lóṣù kẹta, ooru ibẹ̀ á dín ẹ̀mí hard disk kù. Kẹ́ ẹ sì fi káàdì microSD sínú kámẹ́rà ẹnu géètì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gbígba fídíò sílẹ̀ léraléra, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá gbé rẹ́kọ́dà lọ, ojú wọn á ṣì wà níbì kan.

TítíSensor

Mo ń retí ẹni tó máa dé orí aláàmù, ẹ jẹ́ kí n gbà á níbẹ̀.

PIR, ìyẹn sensor igun ògiri yẹn, kì í ríran. Ìyípadà ooru ló ń mọ̀. Ẹni tó bá rìn gba iwájú ẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, kíá ló máa mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ ẹ̀, ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ kàn án mọ́ igun yàrá ní mítà 2.1 sí 2.4, kó wo ẹnu ọ̀nà láti ẹ̀gbẹ́, kó má kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé tàbí ibi tí inverter ti ń fẹ́ ooru jáde. Inú ilé ni ibùjókòó ẹ̀. Ẹni tó bá gbé PIR inú ilé síta, ewúrẹ́ tí bàbá Alága sọ yẹn, òun náà ló ń wá.

Fún fẹ́ǹsì ẹ̀yìn, bíìmù onílà méjì ni kẹ́ ẹ rà. Orí kan ń tan ìlà infrared méjì sí èkejì ní ìkángun fẹ́ǹsì. Àfi kí nǹkan gé ìlà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kó tó ké. Ẹyẹ tó fò kọjá á gé ọ̀kan, èèyàn tó ń fo fẹ́ǹsì á gé méjèèjì. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó bá ń ju ara ẹ̀ sójú ọ̀nà.

Ilẹ̀kùn àti fèrèsé: mágnẹ́ẹ̀tì lára ilẹ̀kùn, switch kékeré lára férémù, kí àlàfo wọn má ju bíi 2cm. Wáyà ni kẹ́ ẹ lò tẹ́ ẹ bá lè fà á, kẹ́ ẹ sì so ó kó jẹ́ pé iná ń yípo nínú ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn, ó já, aláàmù ké. Tí wọ́n bá gé wáyà, ó já, aláàmù ké. Ẹni tó so ó lódìkejì, olè á gé wáyà, ilé á dákẹ́. Èyí tí kò ní wáyà, olówó pọ́ọ́kú tó ń lo ìgbì rédíò 433MHz, ọ̀pọ̀ wọn ò lè sọ fún yín pé bátìrì àwọn ti kú. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ máa dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò lóṣooṣù.

Páànẹ́lì aláàmù tó ń gba síìmù ni kẹ́ ẹ yàn, kó lè pe fóònù yín kódà tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, pẹ̀lú bátìrì 12V 7Ah tiẹ̀ nínú. Ẹ má gbàgbé láti máa fi káàdì sórí síìmù yẹn kẹ́ ẹ sì máa fi pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Síìmù tí wọn ò lò, nẹ́tíwọ́kì máa ń gbà á padà. Sáírìnì méjì: ọ̀kan níta lókè tí ọwọ́ ò tó, tí àpótí ẹ̀ fúnra ẹ̀ á ké tí wọ́n bá ṣí i, ọ̀kan nínú ilé níbi tí olè ò mọ̀. Ariwo inú ilé ni kì í jẹ́ kí olè lè dúró.

Tó bá di alẹ́, ẹ lo ipò "Stay". Bíìmù, ilẹ̀kùn àti fèrèsé nìkan ló máa ṣọ́. PIR inú ilé á sùn, kí màmá lè lọ tọ̀ lóru láìjẹ́ pé gbogbo Akóbọ̀ jí.

Nẹ́tíwọ́kìÌkẹjà

Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ lẹ ṣe é, Àǹtí Títí.

Ohun kan ṣì kù tí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà: páásíwọ́ọ̀dù. Lóṣù kẹwàá ọdún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai kó kámẹ́rà àti rẹ́kọ́dà ilé onílé jọ káàkiri ayé, ó fi wọ́n kọ lu ilé iṣẹ́ Dyn ní Amẹ́ríkà, Twitter àti Netflix sì di ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò lè wọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Kò jágbọ́n ńlá kankan. Bíi 60 orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù tí kámẹ́rà ń bá wá láti ilé iṣẹ́ ló ń gbìyànjú, irú "admin" àti "12345". Àwọn onílé ò yí i padà.

Ẹ yí i kẹ́ ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ti rẹ́kọ́dà yàtọ̀ sí ti ráútà. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ ṣí port, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí ará ìta lè gbà wọ nẹ́tíwọ́kì ilé, sílẹ̀ lórí ráútà, ẹ kọ̀. Lórí síìmù, kò tiẹ̀ ní ṣiṣẹ́, torí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń pín àdírẹ́sì kan lò lórí nẹ́tíwọ́kì fóònù. Ẹ lo áàpù kámẹ́rà náà pẹ̀lú ìfìdímúlẹ̀ onípele méjì, tàbí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà lábẹ́ àṣẹ tiyín nìkan, WireGuard tàbí Tailscale, ìyẹn ọ̀nà àdáni tẹ́ ẹ lè gbà wọ nẹ́tíwọ́kì ilé láti òde, lórí kọ̀ǹpútà kékeré kan nílé. Ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i lè fi Frigate, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba àwòrán kámẹ́rà sílẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà. Ọ̀fẹ́ ni, ó mọ ìyàtọ̀ láàárín èèyàn àti ajá, àwòrán yín ò sì ní kúrò nílé. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé kámẹ́rà tẹ́ ẹ rà gba ONVIF, ìlànà tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà ilé iṣẹ́ kan bá ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ míì ṣiṣẹ́.

Lọ́yàÒkèÀdó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un ní ṣókí. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ló ń sọ bí ohun tó wá láti inú kọ̀ǹpútà ṣe lè di ẹ̀rí ní kóòtù. Ẹ gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, pé ẹ máa ń lò ó déédéé, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó o buwọ́ lù. Aago ló sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Rẹ́kọ́dà tí iná kú lórí ẹ̀ tí bátìrì inú ẹ̀ ti lọ á ní ọdún 2000 la wà. Ẹ so ó pọ̀ mọ́ aago íntánẹ́ẹ̀tì, GMT+1. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè ṣe ẹ̀dà kó tó kọ nǹkan míì lé e lórí, ẹ má gé e, ẹ má fi orin sí i.

Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 yọ ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe fún ìlò ara yín nínú ilé sílẹ̀, àmọ́ Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣì dáàbò bo àṣírí aládùúgbò yín nínú ilé tiẹ̀. Ẹ má kọ kámẹ́rà sí fèrèsé yàrá ẹ̀. Rẹ́kọ́dà tó pọ̀ jù ló lè fi dúdú bo apá ibi tẹ́ ò fẹ́ kó gbà. Ẹ sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀ pé kámẹ́rà wà. Kẹ́ ẹ sì má gbé fídíò sórí WhatsApp pé "olè rèé" kí ọlọ́pàá tó ṣèwádìí. Tí kì í bá ṣe òun, ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́ ń dúró dè yín.

MàmáÌbejìPeckham

Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yẹn, kí àwa tá a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi sọ́kàn o. Lọ́dún 2021, adájọ́ kan ní Oxford dá ẹ̀bi fún ẹnì kan torí kámẹ́rà àti agogo ẹnu ọ̀nà tó ń gba ohùn aládùúgbò ẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo ti pa gbígba ohùn lórí tèmi níbí.

OníléAkóbọ̀

Ọlọ́run á bù sí i fún gbogbo yín. Ohun tí mo ti pinnu rèé. Bátìrì ọ̀tọ̀ àti sólà kékeré ni màá kọ́kọ́ rà lóṣù yìí. Lẹ́yìn náà, páànẹ́lì aláàmù, bọ́tìnì màmá, bíìmù fẹ́ǹsì ẹ̀yìn àti sáírìnì méjì. Kámẹ́rà PoE á tẹ̀ lé e: géètì àti ẹnu ọ̀nà ìdáná lákọ̀ọ́kọ́, méjì tó kù tó bá di oṣù míì. Aláàmù ṣáájú kámẹ́rà, torí èèyàn wà nílé, mi ò sì fẹ́ kí n wá máa wo fídíò ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Ó ku ìbẹ̀rù kan. Àrá Ìbàdàn. Wáyà tó máa lọ sí fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ń gba gbangba kọjá.

RewáyàẸ̀gbá

Ẹ̀gbọ́n, ètò yẹn dáa gan-an.

Ní ti àrá, ẹ má jẹ́ kó gba òkè kọjá bí okùn ìsáṣọ. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ tọ́ ọ sínú páìpù, kó jìnnà díẹ̀ sí páìpù iná NEPA. Ẹ fi surge protector (ohun tó ń dènà iná tó bá ga lójijì) sí wáyà kọ̀ọ̀kan tó ń ti ìta wọlé, kẹ́ ẹ so ó mọ́ irin ìtẹ̀bọlẹ̀ ilé. Tí kò bá sí irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dáadáa, owó surge protector yẹn, ẹ kàn dà á nù ni. Bí àrá bá sán lé ilé gan-an, kò sóhun tó lè dá a dúró, àmọ́ èyí tó sán nítòsí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, ìyẹn la lè dènà. Níbi tí wáyà ti fẹ́ wọ inú ògiri, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọlé, kí omi òjò lè máa kán síbẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé wáyà wọnú rẹ́kọ́dà.

OníléAkóbọ̀

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. @TítíSensor, ṣé mo lè rí bíìmù onílà méjì yẹn rà n'Ìbàdàn, àbí Alábà ni kí n ti rà á tí mo bá ń bọ̀ láti Èkó?

TítíSensor

Ẹ kọ́kọ́ wo Dùgbẹ̀. Tí ẹ ò bá rí i, kẹ́ ẹ tó lọ sí Alábà. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ rà á, ẹ ní kí wọ́n so méjèèjì mọ́ bátìrì 12V níwájú yín, kí ọ̀kan wà lẹ́nu ìsọ̀ kí èkejì wà ní òdìkejì ọ̀nà. Ẹ fi ìka kan gé ìlà kan, kò gbọdọ̀ ké. Ẹ wá gba àárín ẹ̀ kọjá fúnra yín. Tó bá ké lójú ẹsẹ̀, ẹ sanwó.